Pátákó Onítáyà Tí Bàámi Pè Ní Bàtà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ara mi ni Màámi fi ń ṣe òdiwọ̀n sùtánà àwọn ọmọdé ìjọ Aládùúrà wa, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ skéètì ní àdúgbò wa ní Ìfàkò. Pátákó onítáyà la pè é, nítorí táyà kéékèèké mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bùrọ̀dá Wálé, àbúrò Màámi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, ló gbé e wá sílé wa. Inú kọ̀nténà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n ti bá a, ó há sáàárín àwọn kíbọ́ọ̀dù tó ti kú. Àwọn fúnra wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n ní ó jọ pé àwọn òyìnbó fi ń gbé sílíńdà gáàsì ni. Màámi yẹ̀ ẹ́ wò lókè, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, wọ́n fi ìka yí táyà kan, wọ́n ní, "Wálé, o ṣeun gan-an. Omi ni màá máa fi gbé."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Fún bí oṣù méjì, kẹ́ẹ̀gì omi ni pátákó yẹn ń gbé. Èmi ni mo máa ń tì í láti ibi ẹ̀rọ omi ní ìkóríta dé àgbàlá wa, kẹ́ẹ̀gì méjì lórí rẹ̀, tí a fi rọ́bà táyà inú kẹ̀kẹ́ dè pọ̀. Ilé olójú-kojú là ń gbé, yàrá márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, gbogbo ilé ló sì ń ṣojú kòkòrò sí pátákó náà. Ìyá Kúdí tó ń se mọ́ínmọ́ín tà nínú yàrá kejì wá tọrọ rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Màámi á ní táyà rẹ̀ ti jò. Ẹ sì mọ̀ pé irú táyà bẹ́ẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ kankan nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ dàgbà ní apá Ìfàkò sí Ọ̀gbà, ẹ ó rántí òórùn bísíkíìtì tó máa ń fẹ́ wá láti ilé-iṣẹ́ kan lówùúrọ̀ ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a fi òórùn yẹn mu gààrí. Bàámi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nylon ní Ìlúpéjú. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń wá gbé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bí wọ́n bá sì dé lálẹ́, ẹ̀wù wọn á máa rùn bí ike tó ń jó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ṣẹ̀ wọ́n, wọn kì í na ẹnikẹ́ni; wọ́n á kàn nawọ́ sí ògiri, ìwọ náà á sì mọ̀ pé kí o lọ kúnlẹ̀, kí o kọjú sí i, kí o gbọ́wọ́ sókè. Mo mọ gbogbo ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára ògiri yẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ sùtánà. Màámi nìkan ló ń rán aṣọ fún ìjọ wa, èmi ni mo sì ń ṣa fọ́nrán òwú àti píìnì nílẹ̀, tí mo ń fọ tiwa pẹ̀lú búlúù, tí mo ń rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, tí mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a ó wọ̀ ọ́, a ó sì bọ́ bàtà sílé. Òfin ni. Ẹni tó bá wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Bí a bá ń lọ láàárọ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí a bá ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń di gbẹgẹdẹ, nítorí oòrùn á ti yan ọ̀dà títì gbẹ, a ó sì máa fò láti abẹ́ òjìji kan sí òmíràn bí ẹni tó ń ta sùwè. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ṣì le títí dòní.

Bí mo ṣe kọ́ pátákó náà ni pé mo kọ́kọ́ jókòó lé e lórí. Nígbà tí ìdí mi ti mọ̀ ọ́n, mo dìde dúró. Ọ̀nà àgbàlá wa rí gbágungbàgun, nítorí náà mo lọ bá Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ọ̀gbà. Iwájú ilé ìkẹ́rùsí yẹn ni wọ́n fi kọnkéré tẹ́, ó dán, ó sì dagẹrẹ díẹ̀ níbi tí trélà máa ń fẹ̀yìn sí láti kó ẹrù. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti lọ, Bàbá á jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n á jókòó sórí agolo bọ́tà ńlá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa ka iye ìgbà tí mo ṣubú.

"Ọmọ Aládùúrà," ni wọ́n ń wí, "ẹ̀ẹ̀márùn-ún lèmi ń kírun lójúmọ́. Ìwọ ti forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí Alásàrí tó pé."

Orúnkún mi kò gbádùn rárá nígbà yẹn. Màámi á da spírítì sí i, èmi á ní tẹ́ńtẹ́ ni mo ń ta tí mo fi ṣubú. Wọ́n ní tẹ́ńtẹ́ tèmi yìí le o. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè wá láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ọjọ́ tí mo sì ṣe é, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dìde lórí agolo wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbé omi kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù inú ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe Ìkórè, mo fi pátákó náà gbé omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Nígbà tí ìsìn parí, títì ń jó, sùtánà wà lọ́rùn mi, pátákó sì wà níwájú mi. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo gun orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tutù lórí igi náà, atẹ́gùn gbé sùtánà mi sókè, mo rò pé mo ti di áńgẹ́lì. Bí mo ṣe yíjú síbi tí ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ti já sí títì ni trélà símẹ́ǹtì kan yọ lójijì. Ó fọn fèrè bí ẹni pé ayé ń parí lọ. Mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo yà bàrá, trélà kọjá, èmi sì lọ dúró gẹ́lẹ́ níwájú àwọn alàgbà tí wọ́n ń kíra wọn. Bàámi wà láàárín wọn.

Wọ́n di èjìká mi mú. Wọn ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo ní ìbínú ni.

"Ṣadé! O wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà!"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe bàtà. Pátákó ni."

"Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ? Ohun tó bá ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀, bàtà ni! Bàtà onítáyà!"

Wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Olùṣọ́, àgbàlagbà tó ń darí ìjọ wa. Bàbá Olùṣọ́ kì í kánjú sọ̀rọ̀. Wọ́n wo pátákó náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí wọ́n tì í mọ́ inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ pẹpẹ sí, pé lẹ́yìn Ìkórè ni àwọn alàgbà yóò jókòó pinnu bóyá bàtà ni tàbí kì í ṣe bàtà. Nígbà tí a délé, Bàámi sọ fún Màámi létí mi pé bó bá ti lè jẹ́ bàtà, àwọn á rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, kí Ìyá Kúdí fi í dáná mọ́ínmọ́ín. Wọ́n sì nawọ́ sí ògiri.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo gbààwẹ̀ nítorí pátákó yẹn. Ààwẹ̀ ìdajì ọjọ́ ni, nítorí ebi. Lọ́jọ́rú, nígbà àdúrà ọmọdé tí wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun tí ó ń fẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ẹnì kan tó wà ní àhámọ́. Gbogbo ilé ló kígbe "Àmín," obìnrin kan tilẹ̀ sunkún. Mo ń wo ilẹ̀kùn yàrá yẹn látìgbàdégbà. Ní ilé, Màámi ti padà sí orí òṣùká, wọ́n ń fi orí gbé kẹ́ẹ̀gì. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá Ṣadé, ó tán o, ọrùn mi ti wọlé sínú ara."

Ọjọ́ Ìkórè wá dé. Ẹni tó ń ya àwòrán fún ìjọ wa ni ọ̀dọ́kùnrin sísanra kan tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá Fídíò. Fídíò tí wọ́n yà lọ́dún tó ṣáájú ti dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ń fẹ̀yìn rìn níwájú àwọn tó ń gbé ọrẹ Ìkórè bọ̀ síbi pẹpẹ, kámẹ́rà sì ń mì. Bàbá Olùṣọ́ ní àwọn rí ara àwọn nínú tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Wọ́n ti wá kìlọ̀ pé bó bá tún mì lọ́dún yìí, ìjọ á pe ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Bùrọ̀dá Fídíò ń gbìyànjú bí wọn ó ṣe rìn, èmi ni mo di wáyà iná mú fún wọn. Wọ́n rìn, wọ́n wò ó, wọ́n kẹ́dùn. Wọ́n tún rìn. Kò yàtọ̀.

Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bùrọ̀dá, tó bá jẹ́ pé ẹ jókòó sórí nǹkan tó ń yí ńkọ́?"

"Bíi kí ni?"

Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá aṣọ pẹpẹ.

Bí a ṣe lọ bá Bàbá Olùṣọ́ nìyẹn. Bàámi wà níbẹ̀. Wọ́n gbé pátákó náà jáde, eruku ti bò ó, mo fẹ́ sunkún. Bùrọ̀dá Fídíò jókòó lé e lórí nínú ọ̀nà tó gba àárín àga kọjá, níbi tí teráàsò ti dán. Pátákó náà ké, kò kúrò lójú kan. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, mo sanra jù. Ọmọ yìí ló fúyẹ́. Màá kọ́ ọ bí yóò ṣe di kámẹ́rà mú, èmi á máa fà á."

Bàámi ní, "Bàbá, bàtà kò gbọdọ̀ wọ inú ilé Ọlọ́run."

Èmi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí, mo bá ṣe ohun tí ara mi ti mọ̀ jù nígbà tí Bàámi bá ń bínú: mo kúnlẹ̀. Orí pátákó náà ni mo kúnlẹ̀ sí. Bàbá Olùṣọ́ yí mi ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn mi, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti kọjú sókè.

"Alàgbà," ni wọ́n pe Bàámi, "ẹsẹ̀ ọmọ yìí dà?"

"Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀, Bàbá."

"Kí ló wá wà lórí igi?"

Bàámi wò ó. "Orúnkún ni, sà."

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń fi orúnkún wọ bàtà rí?"

Bùrọ̀dá Fídíò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tó ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú pẹpẹ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Olùṣọ́ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀ wọlé." Ìmí tí mo mí nígbà náà, bóyá gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ. Àwọn alàgbà kò tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Bí mo ṣe ya àwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Bùrọ̀dá Fídíò fi okùn kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sì ń fà mí sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Nínú gíláàsì kékeré yẹn, mo rí ẹsẹ̀ lásán tó ń bọ̀, mo rí iṣu, mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo rí ẹ̀wà nínú agbọ̀n. Nígbà náà ni Bàámi yọ, apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí wọn, òógùn lójú wọn, wọ́n ń kọrin. Ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í ranjú mọ́ àgbà. Mo ti ń gbé pẹ̀lú Bàámi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì wo ojú wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kámẹ́rà ló gbà mí láyè. Mo wá rí i pé ojú náà kò burú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí fídíò náà jáde, a wò ó nínú yàrá wa lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ilé olójú-kojú rọ́ wọlé, Ìyá Kúdí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màámi. Àwòrán náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò mì. Nígbà tí Bàámi rí ara wọn, wọ́n ní, "Dá a padà." Wọ́n wò ó. "Tún un dá padà." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wò ó. Wọ́n bi mí pé, "Ìwọ lo ya eléyìí?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo tún ń rò ó pé kí ni mo ṣe.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ já wọn sílẹ̀, agolo gírísì kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi nylon wé e. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n dojú pátákó dé sí orí itan wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gírísì ra ìdí táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láìgbójú sókè ni wọ́n sọ pé ọkọ̀ agbẹ́rù kan gun ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ àwọn níbi iṣẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí trélà símẹ́ǹtì yẹn kọjá lára mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Ṣadé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú àwọn alàgbà. Bàtà ló wá sí mi lẹ́nu." Wọ́n yí táyà kan, ó yí títí, kò ké mọ́. "Máa lò ó lọ́dọ̀ Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́. Má gbé e dé títì."

Mo ti rí ọjọ́ ayọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ara kò tíì tù mí tó bíi ti ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti rò pé ìbínú ni, àṣé ẹ̀rù lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbà lọ kò ṣòro láti mọ̀. Mo di ẹni tó ń tẹ̀lé Bùrọ̀dá Fídíò lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, pátákó lábẹ́ apá. Mo kúrò lórí orúnkún, mo kọ́ bí a ṣe ń dúró kí a tẹ eékún díẹ̀ kí kámẹ́rà má bàa mọ̀ pé ilẹ̀ kò dọ́gba. Gbogbo ìṣubú tí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kà fún mi, ó wá wúlò. Nígbà tí mo ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún, àwọn kan wá ya fíìmù ní Agége, eré nípa ọkùnrin tó ń sá nínú ọ̀nà tóóró kan nítòsí ojú irin. Ọkọ̀ wọn kò lè wọ ibẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán kò sì lè sáré kí ọwọ́ rẹ̀ má mì. Bùrọ̀dá Fídíò ló sọ fún olùdarí wọn pé òun mọ ọmọbìnrin kan. Mo bọ́ bàtà mi, mo gun pátákó, mo gbé kámẹ́rà dání, mo tẹ̀lé ọkùnrin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọ̀nà. Olùdarí wo àwòrán náà, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sílé o." Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí.

Ayé ti yí padà. Bí mo bá kọjá ní Ìkejà lónìí, mo ń rí àwọn ọmọ kéékèèké, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n wọ akoto, tí àwọn òbí wọn dúró tì wọ́n tí wọ́n ń fi fóònù yà wọ́n. Wọ́n mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń gùn. Kò sẹ́ni tó ń fi tiwọn gbé omi. Níbi iṣẹ́ wa náà, irin gígùn ni a sábà máa ń tẹ́ sílẹ̀ báyìí kí kámẹ́rà máa yí lórí rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e, àfi níbi tí ọ̀nà bá ti tóóró jù. Inú mi ń dùn sí i, n kò sì sọ pé tiwa ló dára jù. Orúnkún tèmi ṣì ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì yí padà. Bàámi ti fẹ̀yìn tì, Ìlúpéjú ti di ìtàn lẹ́nu wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ ya fíìmù, wọ́n á pè mí lórí fóònù. Wọn kì í béèrè orúkọ eré, wọn kì í béèrè ẹni tó wà níbẹ̀.

"Ṣadé, ṣé kò sí trélà níbẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Ó dáa. Wọ bàtà ẹ, kó o máa ṣiṣẹ́ lọ."

Èmi á sì bọ́ bàtà mi, màá gun orí pátákó.